Sísanwó Yóga ní London: Ẹnu Ọ̀nà, Káàdì, Oṣooṣù, tàbí Owó Onípele?

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ṣíìfù alẹ́, tí ẹ̀yìn ń ro yín bí ẹ bá gbé aláìsàn dìde tán, ẹ̀yin ni mo kọ èyí fún. Iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà ni èmi náà ń ṣe. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń ṣe yóga nítorí ẹ̀yìn yìí, oríṣiríṣi ọ̀nà ni mo sì ti gbà sanwó rẹ̀. Iye tí wọ́n kọ sára ògiri kọ́ ni iye tí ẹ máa san. Iye ìgbà tí ẹ bá ráyè lọ ló máa pinnu rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ilé yóga kan ládùúgbò mi ṣe àpẹẹrẹ. £15 ni wọ́n ń gbà lẹ́nu ọ̀nà. Káàdì ẹlẹ́ẹ̀mẹwàá jẹ́ £120, ó sì máa ń kú lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Owó oṣooṣù jẹ́ £70, ẹni tó bá san án lè máa wá lójoojúmọ́. Iye tí kíláàsì kọ̀ọ̀kan máa já sí rèé:

| Ọ̀nà ìsanwó | Ìgbà 2 lóṣù | Ìgbà 4 lóṣù | Ìgbà 8 lóṣù |
|---|---|---|---|
| Ẹnu ọ̀nà | £15 | £15 | £15 |
| Káàdì | £20 | £12 | £12 |
| Oṣooṣù | £35 | £17.50 | £8.75 |

Ẹ wo £20 yẹn dáadáa, èmi ni mo san án. Mo ra káàdì torí mo rò pé mo ti rí ẹ̀dínwó. Ni róta bá yí padà, ẹni tó yẹ kó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi ń ṣàìsàn, nígbà tí oṣù mẹ́ta fi máa pé, ẹ̀ẹ̀mẹfà péré ni mo lọ. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ méjì kún un. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà ti pa á. Ó dùn mí gan-an, torí n ò ní kí wọ́n dá owó mi padà, mo kàn fẹ́ wá tẹ́ ẹní mi síbẹ̀ ni.

Nítorí náà, ẹ mú róta oṣù mẹ́ta tó kọjá jáde, kí ẹ ka àárọ̀ tí ẹ ìbá ti ráyè lọ. Bí kò bá pé mẹ́ta lóṣù, ẹ máa san án lẹ́nu ọ̀nà. Mẹ́ta sí márùn-ún, káàdì ló dára. Láti mẹ́fà sókè, ẹ san oṣooṣù, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bèèrè bóyá ẹ lè dá a dúró bí ẹ bá ń lọ ṣọdún nílé.

Èyí tí ọkàn mi fà mọ́ jù ni owó onípele. Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan nítòsí Peckham ni mo ti kọ́kọ́ rí i. Wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ ìwé kan mọ́ ilẹ̀kùn: £6, £10, £15. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kí kálukú san èyí tí agbára rẹ̀ gbé, pé àwọn ò ní bèèrè ẹ̀rí. Ìyá tó wà níwájú mi ju £6 sínú agolo bísíkíìtì. Bí olùkọ́ ṣe kí i náà ló ṣe kí ẹni tó san £15. Owó ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ dẹ̀ ló ń gbé ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ há. Bí gbogbo wa bá ń mú £6, olùkọ́ ò ní rí owó gbọ̀ngàn san, kíláàsì á sì túká. Lóṣù tí mo bá ṣe ófátáìmù, £15 ni mo máa ń san. Lóṣù tí mo bá fi owó ilé-ìwé ránṣẹ́ sílé, £6 ni, ojú kì í sì í tì mí.

Olùkọ́ kan tí mo bi léèrè sọ fún mi pé £35 ni ilé yóga ń fún òun ní kíláàsì kan, yálà èèyàn mẹ́fà ló wá tàbí ogún. Ibẹ̀ ló ti ń wọkọ̀, ibẹ̀ ló ti ń san inṣọ́ránsì. Látìgbà náà, bí mo bá rí ẹ̀dínwó ńlá, mo máa ń bèèrè ẹni tí wọ́n yọ ọ́ lára rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn eré ìdárayá ti ìjọba ìbílẹ̀ máa ń dín owó kù fún ẹni tó ti lé ní 60 ọdún, akẹ́kọ̀ọ́, àti ẹni tó ń gba owó ìrànwọ́. Ẹ bèèrè, wọn kì í sábà fẹnu ara wọn sọ ọ́.

YouTube ńkọ́? Adriene Mishler, olùkọ́ yóga kan ní Texas, ti ń gbé fídíò síbẹ̀ láti 2012 láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ òǹwòran. Mo ń lò ó láàárín ọ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n fóònù ò lè rí yín. Oṣù méjì ni mo fi ń ṣe ìdúró yóga kan níwájú fóònù tí ẹ̀yìn mi ń ta mí, kí olùkọ́ kan tó ká búláńkẹ́ẹ̀tì sábẹ́ ìbàdí mi. Ibẹ̀ ló rọ̀.

Ojú tó rí yín yẹn ni ẹ ń sanwó fún, kì í ṣe orúkọ ńlá tí wọ́n fún kíláàsì. Bikram Choudhury, gbajúmọ̀ olùkọ́ yóga kan, fẹ́ dá àwọn ẹlòmíràn lẹ́kun kí wọ́n má fi ìdúró 26 tí òun tò jọ kọ́ni. Ní 2015, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Amẹ́ríkà sọ pé òfin ò fún un lágbára bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní ìlànà àwọn ló mú kí owó wọ́n, ẹ wo olùkọ́ ná. Kò sí òfin ní Britain tó ní kí ẹnikẹ́ni gba ìwé ẹ̀rí kó tó pe ara rẹ̀ ní olùkọ́ yóga. Ẹ bèèrè ibi tó ti kọ́ṣẹ́, àti ìwé inṣọ́ránsì rẹ̀. Olùkọ́ mi ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ti fà á yọ lórí fóònù rẹ̀ kí n tó bèèrè tán.