Ìgbà mẹ́wàá lọ́dọ̀ kiné ní Àjàṣẹ́: ohun tí owó mi rà fún ẹ̀yìn tó ń dùn mí

Aránṣọ ni mí ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo ní orílẹ̀-èdè Benin, ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí ọjà Wàndó. Ọdún 22 rèé tí mo ti ń tẹ ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀. Nígbà tí Iléyá èṣí ku ọ̀sẹ̀ méjì, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí n gbé ìdì aṣọ kan, nǹkan kan bá fà mí pàrà ní ìbàdí. N kò lè nàró, n kò lè jókòó. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi méjì ló gbá mi mú dé orí ẹní, aṣọ ẹbí àwọn oníbàárà sì wà nílẹ̀ gègèrè.

Láti ọjọ́ náà títí di ìgbà tí mo dé ọ̀dọ̀ kiné, oníṣẹ́ ìtọ́jú iṣan àti oríkèé ara, oṣù mẹ́rin gbáko ni. Mo fẹ́ sọ bí owó mi ṣe lọ nínú oṣù mẹ́rin yẹn, nítorí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń ránṣọ, tó ń dirun, tó ń gun zémidjan (ọ̀kadà), ẹ̀ ń ná irú owó náà lọ́wọ́.

Jẹ̀díjẹ̀dí ni gbogbo ilé kọ́kọ́ pè é. Ìyá ọkọ mi ní ṣúgà tí mò ń dà sí ẹ̀kọ mímu láràárọ̀ ló fà á. Ìyá kan tó ń ta egbòogi bá mi di àgbo, 1,500 fránkì, mo mu ún fún ọjọ́ márùn-ún. Ó ṣu mí dáadáa, ẹ̀yìn kò yé dùn mí. N kò bú ìyá náà o, ohun tó mọ̀ ló fi ràn mí lọ́wọ́. Jẹ̀díjẹ̀dí wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ihò ìdí ni tirẹ̀, àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ ló máa ń wú. Òun kọ́ ló ń di ènìyàn ní ìbàdí nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀ gbẹ́rù.

Lẹ́yìn àgbo ló kan oògùn ojú pópó. Obìnrin kan tó ń ru igbá oògùn kiri ko ó fún mi nínú ọ̀rá kékeré: pupa méjì, funfun kan, àti ọ̀kan tó ní àwọ̀ ewé. Kí wákàtí kan tó pé, ara mi ti fúyẹ́. Mo padà sídìí ẹ̀rọ, mo ránṣọ wọ ààjìn. Ní ọjọ́ kẹrin, inú bẹ̀rẹ̀ sí í jó mi bí iná, mo yàgbẹ́, ó dúdú bí èédú. Wọ́n gbé mi lọ sí ọsibítù. Dókítà tó rí ọ̀rá náà kàn mi orí ni. Ó ní àwọn oògùn tó ń dín ìrora kù bíi díkílófẹ́nákì àti ibuprofen dára bí ènìyàn bá lò ó níwọ̀n, fún ọjọ́ díẹ̀, pẹ̀lú oúnjẹ nínú. Ṣùgbọ́n bí a bá kó méjì tàbí mẹ́ta irú wọn pọ̀, wọ́n lè dá egbò sí inú ikùn, wọ́n lè ba kíndìnrín jẹ́, wọ́n sì lè gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè. Kò sì sí ẹni tó mọ ohun tó wà nínú ìyókù. Ní 2017 ni ìjọba ti ṣígun lọ bá àwọn tó ń ta irú oògùn yìí ní ọjà Adjégounlè ní Kútọnu, síbẹ̀ igbá oògùn ṣì ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rà á. Mo ti rí àbájáde rẹ̀ lójú ara mi.

Ohun kẹta ni bẹ́líìtì ẹ̀yìn, 18,000 fránkì ní ilé oògùn. Èmi fúnra mi ni mo béèrè fún un, nítorí oníbàárà mi kan ní òun ń lò ó. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo gbádùn rẹ̀, ó mú mi dúró ṣánṣán. Nígbà tó di oṣù kan, bí mo bá ti bọ́ ọ báyìí, ẹ̀rù á bà mí láti gbé ẹsẹ̀, àfi bí ẹni pé ẹ̀yìn mi kò lè dá dúró mọ́. Mo tún lọ ya rádíò, ìyẹn fọ́tò eegun, 12,000. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé eegun ìbàdí mi ti ń gbó. Mo sunkún lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọmọ ọdún 44 ni mí, mo rò pé iṣẹ́ mi ti parí nìyẹn.

Dókítà tó tọ́jú inú mi ló ní kí n lọ rí kiné. Kiné ni àwọn tó kọ́ṣẹ́ bí a ṣe ń fi ọwọ́ àti eré ìdárayá wo iṣan àti oríkèé ara. N kò ní kọ orúkọ ilé ìtọ́jú tí mo lọ síbí, nítorí mo ní ẹ̀sùn díẹ̀ sí wọn, ohun tí mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ jẹ́ 7,000 fránkì, ìgbà kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn rẹ̀ 5,000. Ìgbà mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Owó tọ́ńtìnì (èsúsú) tí mo fẹ́ fi ra ẹ̀rọ oníná ni mo kó sí i, nítorí náà mo ṣọ́ gbogbo kọ́bọ̀ rẹ̀ lójú méjèèjì.

Nínú ogún ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, ọkùnrin náà kò fọwọ́ kàn mí rárá. Ó ń béèrè ọ̀rọ̀ ni. Ṣé ìrora náà ń gba itan kọjá orúnkún? Ṣé ẹsẹ̀ kan ti ń rọ mí? Ṣé ibi tí mo fi ń jókòó, láàárín itan méjèèjì, ti kú tipiri? Ṣé mo ṣì ń lè mú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ mọ́ra? Ṣé ibà wà, ṣé mo ń rù láìmọ ìdí, ṣé mo ṣubú, ṣé mo ti ní àrùn jẹjẹrẹ rí? Mo bi í pé kí ló kan ìtọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. Ó ní tí èyíkéyìí nínú wọn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, dókítà ni òun máa kọ́kọ́ dá mi padà sí. Ó ní ẹni tí ìtọ̀ rẹ̀ bá dédé dí tàbí tó ń dà lára rẹ̀, tí abẹ́ rẹ̀ sì kú, ọsibítù ni ọjọ́ náà gan-an, kó má dúró di ọ̀la, nítorí ó lè jẹ́ pé àwọn iṣan tó ń ti ẹ̀yìn lọ síbẹ̀ ni nǹkan tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ náà máa ń wọ eegun ẹ̀yìn. Èmi kò gbọ́ ìyẹn rí láyé mi.

Lẹ́yìn náà ló gbé ẹsẹ̀ mi sókè ní nínà, ó fi òòlù kékeré kan orúnkún mi, ó ní kí n fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ ńlá ti ọwọ́ òun. Ó wá gbé àga kan kalẹ̀. "Tàǹtí, ẹ jókòó bí ẹ ṣe máa ń jókòó sídìí ẹ̀rọ." Mo jókòó, mo na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni ń ti aṣọ sábẹ́ abẹ́rẹ́. Ó gba fóònù mi, ó yà mí láti ẹ̀gbẹ́. Nígbà tó fi hàn mí, mo rí obìnrin kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ kọdọrọ, tí àgbọ̀n rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àyà.

"Wákàtí mélòó lẹ máa ń wà báyìí lóòjọ́?"

"Mẹ́wàá. Tí ọdún bá kù dẹ̀dẹ̀, ó lè tó mẹ́rìnlá."

Ó ní jíjókòó tẹ̀ fúnra rẹ̀ kì í pa ènìyàn, wíwà lójú kan fún wákàtí mẹ́rìnlá ló ń mú kí iṣan gan. Ó wo rádíò mi, ó fi àwòrán hàn mí: eegun márùn-ún ló wà ní ìbàdí, tìmùtìmù wà láàárín wọn, ẹran ara àti iṣan sì dì wọ́n mú yí ká. Ó ní ìwádìí kan tó jáde ní 2015 kó èsì àwòrán inú ẹ̀yìn àwọn ènìyàn tí ẹ̀yìn kò dùn rárá jọ, wọ́n rí i pé tìmùtìmù ti ń gbó lára ìpín 37 nínú 100 àwọn ọmọ ogún ọdún, àti ìpín 96 nínú 100 àwọn ẹni ọgọ́rin ọdún. "Ewú ni, Tàǹtí. Ewú tó wà nínú." Ó ní nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀yìn dídùn, kò sí ohun kan pàtó tó ṣẹ́ tàbí tó ya, ìrora lè pọ̀ gan-an kí ẹ̀yìn fúnra rẹ̀ sì le koko. Bí mo bá rántí ìdájì wákàtí yẹn, òun nìkan tó 7,000 tí mo san. Mo wọlé pẹ̀lú ẹ̀rù pé mo ti bàjẹ́, mo jáde, mo sì fẹsẹ̀ rìn dé Wàndó.

Ìgbà mẹ́ta àkọ́kọ́, ó fi nǹkan gbígbóná lé mi lẹ́yìn, ó sì fọwọ́ wọ́ mi. Ó dùn mọ́ mi púpọ̀. Nígbà kẹrin, ìṣẹ́jú márùn-ún péré ló fi wọ́ mi, ó ní ó yá, orí ẹní. Inú bí mi. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo rò pé mo sanwó fún. Ó ní ìwọ́ra máa ń tuni lára fún ọjọ́ kan sí méjì, ìyókù wà lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ní oṣù Kejìlá 2023 fún àwọn àgbàlagbà tí ìbàdí wọn ti ń dùn ju oṣù mẹ́ta lọ kò jìnnà sí tirẹ̀: kí wọ́n la ọ̀rọ̀ yé aláìsàn, kó máa ṣe eré ìdárayá, wọ́n fi ìwọ́ra náà kún un. Bẹ́líìtì wà nínú àwọn ohun tí wọ́n ní kí a má ṣe máa lò bí àṣà, àti oògùn líle irú tramadol. Ẹ wo 18,000 mi.

Eré náà rọrùn lójú, àmọ́ ó le. Ẹ̀ẹ́ dùbúlẹ̀ gbalaja, ẹ ká orúnkún sókè, ẹ wá gbé ìdí kúrò nílẹ̀ títí àyà àti itan á fi tò lọ́gbọọgba, ẹ ka mẹ́wàá. Òmíràn, ẹ̀ẹ́ fi ọwọ́ àti orúnkún lélẹ̀ bí ọmọ tó ń rákò, ẹ na ọwọ́ ọ̀tún síwájú, ẹ na ẹsẹ̀ òsì sẹ́yìn, ẹ má jẹ́ kí ìbàdí yí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mo gbọ̀n bí ewé, mo ka mẹ́ta, mo ṣubú lulẹ̀. Nígbà kẹjọ mo ka ogún. Ó tún ní kí n máa rìn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lóòjọ́. Àárọ̀ kùtùkùtù ni mo fi ń rìn, kí oòrùn tó mú.

Ṣùgbọ́n ohun tó yí iṣẹ́ mi padà jù ni àga. Ó ní kí n lọ fi téèpù wọn àga mi. Sẹ̀ǹtímítà 38 ni, tábìlì ẹ̀rọ sì jẹ́ 76. Abájọ tí mo fi ń gbé èjìká sókè, tí mo sì ń tẹ orí wá. Káfíńtà lẹ igi mọ́ ẹsẹ̀ àga náà, ó di 48, ó gba 2,500 lọ́wọ́ mi. Ìgbọ̀nwọ́ mi wá bá tábìlì dọ́gba. Kiné ní kí n máa dìde ní gbogbo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, èmi kì í sì í wo aago bí mo bá ń ránṣọ, nítorí náà mo fi í sórí òwú ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ: nígbàkúùgbà tó bá tán, tí mo ní láti ká òmíràn, dandan ni kí n dìde, kí n rìn dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi náà ń ṣe é báyìí. Garawa omi ńlá kan ni mo ti sọ di méjì kékeré, ọ̀kan ní ọwọ́ kọ̀ọ̀kan. Tí mo bá fẹ́ gbé ìdì aṣọ, mo máa ń fà á mọ́ra kí n tó gbé e.

Ẹ̀sùn mi rèé. Ìwé tí wọ́n ya eré náà sí, èdè Faransé nìkan ni wọ́n kọ sí i. Kiné náà ń sọ Gùn àti Faransé. Ọmọbìnrin ará Kétu kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn ló ń fi Nàgó, Yorùbá tiwa níbí, là á yé mi, ó sì parí tirẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó lọ. Ìgbà tó lọ ni mo ṣi eré kan ṣe fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko. Àwa tí a ń sọ Yorùbá ní Àjàṣẹ́ kì í ṣe díẹ̀, ó yẹ kí wọ́n rò ó. Lẹ́yìn náà, aago mẹ́sàn-án ni wọ́n dá fún mi, mo máa ń tó aago mẹ́wàá ààbọ̀ kó tó kàn mí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo béèrè kí wọ́n tó fún mi ní rìsíìtì. Aṣọ ìkélé yàrá ìtọ́jú wọn kò sì bo ẹnu ọ̀nà tán. Ẹni tó jókòó síta ń rí obìnrin tó bọ́ aṣọ ẹ̀yìn. Mo bá wọn sọ ọ́, wọ́n ní àwọn á wá nǹkan ṣe. Nígbà keje, mo rán òmíràn lọ fún wọn, wọ́n sì fi kọ́ lójú ẹsẹ̀.

Ṣé ó ti tán pátápátá? Rárá. Nínú oṣù Kejì, a lọ sìnkú ní Kétu, mo jókòó há nínú takisí láti Sakété, Pobè, títí dé ibẹ̀. Ọjọ́ kejì, ẹ̀yìn tún dì mí. Ṣùgbọ́n n kò sùn sílẹ̀ bíi ti ìgbà Iléyá. Mo rìn díẹ̀díẹ̀, mo ṣe eré mi, mo fi omi gbígbóná jó o, ọjọ́ kẹfà ó ti lọ. Wákàtí méje sí mẹ́jọ ni mò ń rán lóòjọ́ báyìí, oògùn kò sì kan ẹnu mi láti oṣù náà.

Ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ti ń dùn ju oṣù mẹ́ta lọ, tí dókítà sì ti wò ó, kó lọ, kó sì béèrè kó tó sanwó bóyá wọ́n máa kọ́ ọ ní eré tàbí wọ́n á kàn máa wọ́ ọ. Tó bá jẹ́ wíwọ́ nìkan ni, kó mú owó rẹ̀ padà sílé. Kó mú ṣòkòtò tó ṣò dání.

Ìyá ọkọ mi ti rí i pé mò ń nàró, wọ́n ní kí n mú àwọn náà lọ sọ́dọ̀ kiné mi. Ẹni ọdún 71 ni wọ́n. Mo jókòó tì wọ́n, mo bi wọ́n ní gbogbo ìbéèrè tí kiné bi mí. Ìrora tiwọn ń jí wọn lóru, ìró wọn sì ti ń yọ̀ nídìí láti bí oṣù méjì. Lọ́jọ́ Ajé, ọsibítù ni mò ń mú wọn lọ.