Ṣé ERAS tó owó tó ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ di dókítà awọ ara ní Amẹ́ríkà?

Ẹni tó bá ń wá ààyè láti kọ́ iṣẹ́ dókítà awọ ara ní Amẹ́ríkà, ọ̀dọ̀ ERAS, ojú òpó tí wọ́n ti ń kọ̀wé béèrè ààyè, ni yóò gbà kọjá. Fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo lẹ ó kọ, ERAS á sì fi í ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà àwọn ọ̀gá yín sí gbogbo ilé ìwòsàn tí ẹ bá mú. Iṣẹ́ yẹn, ó ń ṣe é dáadáa. Owó rẹ̀ ló gba ìṣọ́ra.

Ní sáà 2025, dọ́là 11 ni ètò ìkọ́ni kọ̀ọ̀kan títí dé orí 30. Láti orí 31 lọ, ó di dọ́là 30. Ẹni tó kọ̀wé síbi 30 san 330. Ẹni tó kọ̀wé síbi 60 san 1,230. A ò rí ohun tí 900 tó lé yẹn ń rà, torí àmì ni wọ́n ń wò báyìí, ìyẹn ohun tí ẹ fi ń sọ fún ètò kan pé ẹ fẹ́ ẹ gidi; wúrà lágbára ju fàdákà lọ. Àmì wúrà 3 àti fàdákà 25 ni ẹ̀ka awọ ara ń fún yín. Láti oṣù kìíní 2022 tí Step 1, ìdánwò àkọ́kọ́ fún ìwé àṣẹ dókítà, ti dẹ́kun fífúnni ní máàkì, àmì náà túbọ̀ níyì lójú àwọn tó ń yan ènìyàn. Ẹ má fi wúrà lé orúkọ ńlá kiri. Ibi tí ẹ ti lọ ṣiṣẹ́ tí wọ́n ti rí ọwọ́ yín ni kó lọ. Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ lórí kílóìdì (àpá tó ń wú) tàbí irun tó ń re lórí aláwọ̀ dúdú, kó ronú síbi bíi Howard University, tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ dúdú.

ERAS kì í yan ènìyàn o. Match ti àjọ NRMP, tó ń fi àtòjọ ibi tí ẹ fẹ́ wé àtòjọ ẹni tí àwọn ètò fẹ́, ló ń ṣe ìyẹn, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe tó ń dunni jù wà. Ọdún mẹ́rin ni ẹ̀kọ́ yìí: ọdún kan fún ìṣègùn gbogbogbòò, mẹ́ta fún awọ. Ẹ wo lẹ́tà tó ṣáájú nọ́ńbà ìkẹyìn nínú kóòdù ètò. Bó bá jẹ́ C, ọdún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ A, bí ọ̀pọ̀ wọn ṣe rí, ẹ̀yin lẹ ó wá ọdún àkọ́kọ́ fúnra yín. Fún A kọ̀ọ̀kan, ẹ so àtòjọ àfikún mọ́ ọn, kí ẹ kó àwọn ètò ọdún àkọ́kọ́ tó wà nítòsí ìlú náà sínú rẹ̀. Ẹni tí kò so ó lè rí ààyè awọ gbà, kó wá máa sáré wá ọdún àkọ́kọ́ nínú SOAP, níbi tí wọ́n ti ń pín ààyè tó ṣẹ́kù, lọ́sẹ̀ Match. Ibí gan-an ló yẹ kí ẹ ná owó sí: ERAS ń ka ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, dọ́là 11 á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí èkíní.

Ààyè ń pọ̀ sí i, àmọ́ díẹ̀díẹ̀. Òfin 1997 ló fi gbèdéke sí iye akẹ́kọ̀ọ́ tí Medicare, ìnṣọ́ránsì ìlera ìjọba fún àwọn àgbàlagbà, ń sanwó lé lórí ní ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan. Òfin ìparí 2020 fi 1,000 kún un, kì í ju 200 lọ lọ́dún, gbogbo ẹ̀ka ìṣègùn ló sì ń pín in. Ilé ìwòsàn tó bá fẹ́ fi ẹnìkan kún ẹ̀ka awọ á wá owó rẹ̀, ACGME, àjọ tó ń fọwọ́ sí ètò ìkọ́ni dókítà, á sì rí i pé olùkọ́ àti aláìsàn tó.

Iṣẹ́ ò wọ́n fẹ́ni tó bá parí, pàápàá ní ìgbèríko. Ṣùgbọ́n àwọn olówó ìdókòwò ti ra ọ̀pọ̀ kílíníìkì awọ, nítorí náà ẹ wo nǹkan méjì nínú ìwé àdéhùn kí ẹ tó fọwọ́ sí i: máìlì mélòó ni wọn ò ní jẹ́ kí ẹ ṣiṣẹ́ sí tí ẹ bá kúrò, àti ẹni tí yóò san ìnṣọ́ránsì tail, èyí tó ń bo ẹjọ́ tí aláìsàn bá pè lẹ́yìn tí ẹ ti lọ.