Ilẹ̀kùn ológbò tó ń ka chip: ìgbà kejì ni mo tó ra èyí tó yẹ

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ pé èmi kì í ṣe ẹni tó ń ṣe wàhálà lórí ológbò tẹ́lẹ̀ o. Nílé wa n'Ìbàdàn, ológbò tá a ní, òun fúnra ẹ̀ ló gba ara ẹ̀ síṣẹ́. Eku ló ń pa, kò sẹ́ni tó ń ra oúnjẹ fún un, á jáde lálẹ́, á wọlé láàárọ̀, bó bá di ọjọ́ kẹta tá ò rí i, Màmi á kàn ní "ó ti ríbòmíì lọ nìyẹn," ọ̀rọ̀ parí. Kò sẹ́ni tó jókòó ṣe ìpàdé lórí bóyá kó máa jáde àbí kó má jáde.

London ni mo dé tí mo wá ń sun oorun ìdajì nítorí ológbò.

Méjì ni wọ́n, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ológbò tí wọ́n já sílẹ̀ la ti gbà wọ́n torí àwọn ọmọ ò jẹ́ ká gbádùn. Akọ yẹn dúdú bíi kóró iṣin, Ọ̀gá ni wọ́n sọ ọ́. Abo funfun báláú, ojú ẹ̀ méjèèjì búlúù, òun ni Ẹfun. Adití ni Ẹfun. A ò tètè mọ̀, a rò pé ìgbéraga ni, àfìgbà tí ìkòkò irin já bọ́ ní kíṣìnnì lọ́jọ́ kan tí gbogbo ilé fò sókè, Ẹfun ṣì ń sùn lọ ní tiẹ̀, etí ẹ̀ ò tiẹ̀ mì. Dókítà ẹranko ló wá ṣàlàyé pé ológbò funfun tójú ẹ̀ bá búlúù, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kì í gbọ́ràn, àti pé oòrùn tún máa ń jó etí funfun bẹ́ẹ̀ débi pé ó lè di jẹjẹrẹ. Nítorí náà ọ̀rọ̀ Ẹfun ò le, inú ilé ni. Báwo ni ẹni tí ò gbọ́ ìró ọkọ̀ ṣe fẹ́ wà láàyè létí títì?

Ọ̀gá ni wàhálà wa. Láti aago márùn-ún ìdájí ló ti máa ń dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, á máa ké bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọmú lẹ́nu ẹ̀. Ó ha kápẹ́ẹ̀tì ẹnu ọ̀nà títí kápẹ́ẹ̀tì fi di òwú, ó wá lọ tọ̀ sínú bàtà tí bàbá àwọn ọmọ mi fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá àwọn ọmọ ní ká ṣílẹ̀kùn fún un jàre, ṣebí gbogbo ológbò àdúgbò yìí ló ń jáde, lóòótọ́ sì ni, àwọn òyìnbó ibí ò rí i bí nǹkan kan. Àbúrò mi tó wà ní Houston ní láéláé, pé lọ́dọ̀ tiwọn coyote, irú ẹranko kan bí ajáko, ń wọ àdúgbò lálẹ́, á sì gbé ológbò lọ. Màmi ní tiwọn, ojú fóònù ni wọ́n ti rí i tó ń ké, wọ́n ní, "Ẹ̀ṣẹ̀ wo ló ṣẹ̀ yín tí ẹ fi tì í mọ́lé?"

Ẹ̀rù ọkọ̀ ló ń bà mí. Títì iwájú ilé wa ò fẹ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ làwọn tó ń sá fún gosiló máa ń gbà. Ohun kan tún wà tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ tó bí mi nínú: òfin ìrìnnà wọn níbí, ti 1988, sọ pé bí dírébà bá gbá ajá, ẹṣin, màlúù, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ìbaaka, àgùntàn, ẹlẹ́dẹ̀ tàbí ewúrẹ́, ó gbọ́dọ̀ dúró. Ẹ wá ológbò nínú ẹ̀, ẹ ẹ̀ ní rí i. Ewúrẹ́ wà níbẹ̀ o, ní London tí mi ò tíì rí ewúrẹ́ kan tó ń sọdá títì rí.

Bá a ṣe wá dórí ilẹ̀kùn tó ń ka chip nìyẹn, ìyẹn ilẹ̀kùn kékeré tí wọ́n ń fi sára ilẹ̀kùn ilé, tó jẹ́ pé ológbò tó bá mọ chip ẹ̀ nìkan ló ń ṣí fún, torí bàbá àwọn ọmọ ní tá a bá gbẹ́ ihò lásán, gbogbo ológbò àdúgbò ni yóò máa wá jẹun nílé wa.

Fún ẹni tí ò mọ̀ ọ́n: chip yẹn ò ju hóró ìrẹsì lọ, dókítà ló ń fi abẹ́rẹ́ tì í sábẹ́ awọ ní àárín èjìká méjèèjì. Nọ́ńbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wà nínú ẹ̀, kò ní bátìrì. Ní England ó ti di dandan láti June 10, 2024, ológbò gbọ́dọ̀ ní in kó tó pé ọ̀sẹ̀ ogún, wọ́n lè bu £500 fún ẹni tó bá kọ̀ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe GPS o. Ọ̀rẹ́ mi kan rò pé òun lè fi fóònù wo ibi tí ológbò òun wà nítorí chip. Rárá. Àfi kẹ́nì kan gbé e lọ bá dókítà kí wọ́n fi ẹ̀rọ kà á, ìgbà yẹn náà, nọ́ńbà fóònù tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ ni wọ́n máa pè, tẹ́ ẹ bá ti yí nọ́ńbà tẹ́ ẹ ò sọ fún wọn, ó tán.

Ilẹ̀kùn àkọ́kọ́, £65 ni mo rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mi ò ní dárúkọ wọn. Ó dáa lójú, ó funfun, bátìrì mẹ́rin ló ń lò. Kápẹ́ńtà gba £60 láti gé ihò sísàlẹ̀ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, a tiẹ̀ ríre torí apá ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn tiwa pílásítíìkì ni, tó bá jẹ́ gíláàsì onípele méjì ni, wọn kì í gé e níbi tó wà, ẹ máa ní láti lọ ṣe gíláàsì tuntun tó ti ní ihò lára ni, owó gidi nìyẹn. Ẹni tó bá ń háyà ilé, ẹ bi onílé kẹ́ ẹ tó gbé ayùn o.

Ìṣòro ilẹ̀kùn yìí wá nìyí. Ìgbà tí ológbò bá ń wọlé nìkan ló ń ka chip. Tó bá ń jáde, kò bi í léèrè ohunkóhun, ẹnikẹ́ni tó bá fi orí tì í láti inú ilé á ṣí fún un. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí lóòótọ́, lẹ́tà wẹ́wẹ́ bí ẹsẹ̀ èèrà, èmi ò kà á. Ọjọ́ Sátidé ni, à ń wo bọ́ọ̀lù, ọmọ mi obìnrin ló sọ̀ kalẹ̀ wá ní, "Mummy, Ẹfun dà?"

Ẹ ti pe ológbò adití rí? Kò sí ohun tó ń jẹ́ kùkúùkú, kò sí pé ẹ ń gbọn agolo oúnjẹ. A rìn káàkiri pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, mo ń wo abẹ́ ọkọ̀ olọ́kọ̀, òjò ń fọ́n wínníwínní, ara mi ń gbọ̀n, mo ń rántí gbogbo dírébà tó ń sáré gba ojúlé wa kọjá. Ọmọ yẹn náà ló rántí pé tí wọ́n bá tan iná kíṣìnnì lálẹ́, Ẹfun máa ń sáré wá torí ó mọ̀ pé oúnjẹ dé. La bá bọ́ sídìí iná ẹ̀yìnkùlé, a tàn án, a pa á, a tàn án, a pa á, mo mọ̀ pé àwọn aládùúgbò á ti máa rò pé orí wa ti yí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ogójì ìṣẹ́jú. Abẹ́ ọkọ̀ ìyá àgbà ará Jamaica tó wà nílé kẹta ló ti yọ, ó dọ̀tí, ó dúdú bí Ọ̀gá, ó rìn wọlé gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́ bí ẹni tó lọ rajà.

Mo kọ̀wé sí àwọn tó tà á. Wọ́n ní mo ti lò ó, wọn ò lè gbà á padà.

Èkejì, £110, òun ni mo wá kọ nípa ẹ̀ gan-an. Èyí ń ka chip ní wíwọlé, ó ń kà á ní jíjáde, ẹ lè sọ fún un pé ti ológbò yìí máa ṣí, tìyẹn ò gbọdọ̀ ṣí. Orí mi sì bá mi ṣe é, ihò àkọ́kọ́ gbà á. Ẹ máa tẹ bọ́tìnnì kan, iná pupa á máa ṣẹ́jú, ẹ máa wá ọ̀nà tí ológbò fi máa ti orí bọ̀ ọ́, á dún "kà!", ó ti mọ̀ ọ́n nìyẹn. Ìwé tó bá a wá ní ó lè rántí ológbò méjìlélọ́gbọ̀n. Ta ló ní ológbò méjìlélọ́gbọ̀n?

Ọ̀gá kọ́kọ́ ń sá fún "kà" yẹn. Lẹ́yìn gbogbo ariwo tó fi ṣílẹ̀kùn, wọ́n ṣílẹ̀kùn tán, ó ní òun ò lọ mọ́. Mo fi sẹ́lótéèpù gbé ìdérí ẹ̀ dúró sókè gbayawu, mo wá fi ẹja títù díndín sí òdìkejì. Ọjọ́ kẹrin ló gbà. Títù ló ṣe é, oúnjẹ ológbò olówó ńlá tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù ò ṣe é.

Ẹ má ṣàdédé ṣílẹ̀kùn fún ológbò tuntun o. A ti tọ́jú Ọ̀gá sínú ilé fún oṣù kan kó lè mọ̀ pé ibí nilé ẹ̀, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, ó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, títí kan ti àrùn ẹ̀jẹ̀ tí ológbò ń kó ran ara wọn níta. Ebi la sì fi ń jẹ́ kó jáde láwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, kó lè padà wá jẹun.

Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn ilẹ̀kùn yìí jù ni aago ẹ̀. Ẹ lè ní kó máa ti ara ẹ̀ ní àkókò kan, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá wà níta lè wọlé, ẹni tó bá wà nínú ò lè jáde. Aago méje ààbọ̀ àárọ̀ ni tiwa ń ṣí, kílẹ̀ tó ṣú ló ń tì, torí alẹ́ ni ọkọ̀ máa ń gbá ológbò jù, dírébà ò rí wọn, pàápàá dúdú bí Ọ̀gá. Àríyànjiyàn èmi àti bàbá àwọn ọmọ, ibẹ̀ ló ti parí. Òun ní kó jáde, ó ń jáde, èmi ní kó sùn nílé, ó ń sùn nílé. Ní November 5 tí wọ́n ń yin bánńgà kárí ìlú, bọ́tìnnì ni mo kàn ń tẹ̀, mo tì í pátápátá.

Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yí aago padà ní October, ilẹ̀kùn ò yí tiẹ̀. Mi ò rántí. Aago mẹ́fà ààbọ̀ ló ń ṣí fún Ọ̀gá, ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa, ó tó ọjọ́ mélòó kan kí n tó fura. Èyí tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀ wà, wọ́n ní òun ń yí aago fúnra ẹ̀, owó ẹ̀ ló lé mi sá. Atẹ́gùn náà ń gba ibẹ̀ wọlé nígbà òtútù, mo ti ká tówẹ́ẹ̀lì sídìí ẹ̀.

Ológbò pupa kan wà ládùúgbò, kò sẹ́ni tó mọ ilé ẹ̀, òun ló ń wo gíláàsì wa lójoojúmọ́ bí agbowó-orí. Ó fi orí gbá ilẹ̀kùn yìí títí, kò ṣí. Mo fún wọn ní máàkì kíkún níbẹ̀.

Ohun tí ẹni tó tà á ò ní sọ fún yín ni pé ilẹ̀kùn yìí ń ka chip, kì í wo nǹkan tó wà lẹ́nu ológbò. Ọjọ́ kan mo ń bá Màmi sọ̀rọ̀ lórí fídíò, "kà," Ọ̀gá wọlé, ó rìn wá síwájú mi ní pálọ̀, ó tu eku kan sílẹ̀. Eku yẹn wà láàyè. Mo ti wà lórí àga, fóònù ti bọ́ lọ́wọ́ mi, ohùn Màmi ni mò ń gbọ́ lórí kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, "Ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́! Ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́!" Ẹ̀yìn sófà la ti mú eku yẹn lọ́jọ́ kejì. Ó ti gbé ológoṣẹ́ kan wá náà, ìyẹn dùn mí, mo ra agogo kékeré sí i lọ́rùn, irú okùn tó máa ń já fúnra ẹ̀ tó bá há sí igi.

Ẹfun ṣì ń lọ fi ọwọ́ gbá ilẹ̀kùn náà lẹ́ẹ̀méjì láàárọ̀. Kì í ṣí. Mo máa ń ṣe bí ẹni tí ò rí i. Tí Ọ̀gá bá wọlé, á gbóòórùn gbogbo ara ẹ̀ láti imú dé ìrù kó tó jẹ́ kó kọjá. Bàbá àwọn ọmọ ń sọ pé òun á fi nẹ́ẹ̀tì ká apá kan ẹ̀yìnkùlé níbi tí igi ti ṣíji bò ó, ó ti ń sọ ọ́ látìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Máàkì kan lọ sórí aago yẹn àti atẹ́gùn. Èyí àkọ́kọ́ ṣì wà nínú sẹ́ẹ̀dì, kò bàjẹ́, ẹni tó bá ní ológbò kan ṣoṣo tó máa wúlò fún, kó wá gbé e, mi ò gbowó, àmọ́ kó mú bátìrì tiẹ̀ dání.