Mo pààrọ̀ sàlẹ́ńsà Golf GTI mi, mo sì tún ọpọlọ ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ṣe: ohun tójú mi rí lọ́dún kan àbọ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bèèrè bóyá sàlẹ́ńsà ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ àbí ọpọlọ ẹ́ńjìnnì (kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí ẹ̀) lẹ máa kọ́kọ́ tún ṣe, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́ tèmi kẹ́ ẹ tó kówó sílẹ̀. Golf GTI 7 ni mò ń wà, oní-jíà ọwọ́, ẹ́ńjìnnì lítà 2.0 tó ní tọ́bò (ẹ̀rọ tí èéfín ń yí kó lè máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì), agbára ẹṣin 220 ló gbé wá láti ilé iṣẹ́. Ó ti lé lọ́dún kan àbọ̀ tí mo ti ń lo gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, lójò lẹ́ẹ̀rùn, nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ a-gbọ́-sọ rárá.

Sàlẹ́ńsà ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni mo sì ti ṣì í. Cat-back ni mo rà, ìyẹn páìpù tó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn kátálíìsì (ẹ̀rọ tó ń fọ èéfín mọ́) títí dé ìdí mọ́tò, mílímítà 76 ni fífẹ̀ ẹ̀, irin 304 tí kì í dípẹtà ni wọ́n fi ṣe é. Mi ò ní purọ́ mọ́ wọn o, iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ dáa, ojú ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀ mọ́ tónítóní, gbogbo ibi tí wọ́n ń gbé e kọ́ ló bá ara wọn mu, ọ̀sán ọjọ́ kan péré la fi dè é. Nígbà tí mo sitáàtì ẹ̀, orí mi wú. Ohùn ẹ̀ jinlẹ̀, kì í ṣe ariwo páńpẹ́ bíi ti alùpùpù tí sàlẹ́ńsà ẹ̀ já.

Àmọ́ agbára ńkọ́? Kò sí ìyàtọ̀ kankan tí ẹsẹ̀ mi mọ̀. Ìdí ẹ̀ ni pé lára ẹ́ńjìnnì tó ní tọ́bò, ibi tí èéfín ti ń há jù ni ọ̀nà tó ń gbà jáde nínú tọ́bò, ìyẹn páìpù tí wọ́n ń pè ní downpipe àti kátálíìsì tó wà nínú ẹ̀, páìpù ẹ̀yìn ò fi bẹ́ẹ̀ dí i lọ́wọ́. Tẹ́ ẹ bá la ẹ̀yìn tẹ́ ẹ ò la iwájú, ohùn lẹ rà, ẹ ò ra agbára.

Ohùn yẹn náà tún wá di wàhálà. Tí aago RPM (tó ń ka iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan) bá ti dé 2,400 báyìí, tó sì jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ni ẹ́ńjìnnì máa ń wà téèyàn bá ń lọ jẹ́jẹ́ lójú ọ̀nà tó gùn, gbogbo inú mọ́tò á máa kùn hùùùù, kọ́kọ́rọ́ ilé tí mo jù sínú ihò ife á máa gbọ̀n jìgìjìgì, tí mo bá sọ̀kalẹ̀ lẹ́yìn wákàtí méjì etí mi á ṣì máa hó. Ẹni tó tà á fún mi ní kò ní kùn rárá. Irọ́ ni. Ohun tó ń fà á ò ṣòro: ẹ́ńjìnnì oní-sílíńdà 4 ń ṣáná lẹ́ẹ̀mejì nínú ìyípo kan, ẹ jẹ́ n kúkú sọ ọ́ ní fígọ̀, ìyípo 2,400 ní ìṣẹ́jú kan jẹ́ 40 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìlọ́po méjì ẹ̀ jẹ́ 80, ohùn 80 Hz yẹn gan-an ni inú mọ́tò máa ń gbà tó fi ń kùn. Ẹni tó bá mi yanjú ẹ̀ ni mẹkáníìkì kan tó mọṣẹ́ dójú àmì, ó jó páìpù kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ sàlẹ́ńsà, ó gùn ju mítà kan lọ, wọ́n dí ìdí ẹ̀ pa. Ohùn á wọlé síbẹ̀, á lọ kọ lu ìdí ẹ̀, á padà wá pàdé èkejì ẹ̀ tó ń bọ̀, wọn á sì pa ara wọn kú. Ó ṣiṣẹ́! Kíkùn tó kù ò tó nǹkan mọ́. Ká ní mo ti ra èyí tó ní resonator (àpótí tó ń pa irú ohùn kíkùn bẹ́ẹ̀) látilẹ̀ ni, mi ò ní ṣe wàhálà yẹn.

Ẹ̀gbẹ́ kan rèé o: mọ́tò yìí ní ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Soundaktor, lábẹ́ dígí iwájú ló wà, òun ló ń fi ohùn ayédèrú kún inú mọ́tò. Ẹ yọ wáyà ẹ̀ kẹ́ ẹ tó dá sàlẹ́ńsà yín lẹ́jọ́.

Ó wá kan ọpọlọ ẹ́ńjìnnì. Ẹni àkọ́kọ́ tí mo gbé e fún so kọ̀ǹpútà ẹ̀ mọ́ ọn, kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ ó ní ó ti parí, kò bi mí ní irú epo tí mò ń lò, kò wo plọ́ọ̀gì, kò wo nǹkan kan. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ inú mi dùn, mọ́tò ń fà bí àsáré. Àmọ́ tí ooru bá ti mú báyìí, á kàn máa wúwo, á máa ṣe bí ẹni tó ń kọsẹ̀ ní jíà kẹta. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Ohun tíyẹn kọ́kọ́ sọ ni pé kí n lọ wà á ní jíà kẹta láti 2,000 dé 6,500, kí n tẹ iná mọ́lẹ̀ pátápátá níbi tí ọ̀nà ti dá, kí kọ̀ǹpútà sì máa kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ó ṣí ìwé náà síwájú mi, ó fi ìka tọ́ sílíńdà 3: ọpọlọ ẹ́ńjìnnì ti fa táímìnì (ìgbà tí plọ́ọ̀gì ń ṣáná) sẹ́yìn ní dígírì 5, torí epo ń fúnra ẹ̀ bú láìdúró kí iná plọ́ọ̀gì dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Epo 98 ni ẹni àkọ́kọ́ kọ fáìlì yẹn (àṣẹ tó kọ sínú ọpọlọ ẹ́ńjìnnì) fún, epo 95 tó tètè ń fúnra ẹ̀ bú ju 98 lọ ni mò ń rà! Ká ní mo tẹra mọ́ ọn bẹ́ẹ̀, písítìnì lè fọ́. Ẹ̀rù bà mí gidi lọ́jọ́ náà.

Ó dín ẹnu plọ́ọ̀gì kù láti mílímítà 0.8 sí 0.65, ó kọ fáìlì tuntun, mo lọ wà á, ó wo ohun tó kọ sílẹ̀, ó tún un kọ, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta la ṣe bẹ́ẹ̀ kó tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Lẹ́yìn náà la fi downpipe tó ní kátálíìsì oníhò 200 nínú ìǹṣì kan níbùú lóròó sí i, a sì tún fáìlì kọ fún un. Lórí ẹ̀rọ kan náà tí wọ́n fi ń wọn agbára mọ́tò, agbára ẹṣin 226 ló gbé jáde kí a tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ó gbé 298 jáde nígbà tá a parí. Èyí gan-an lẹsẹ̀ mọ̀. Láti 2,500 ló ti ń gbé yín lọ, kò ní í dáwọ́ dúró.

Àwọn kan ní kí n yọ kátálíìsì dànù pátápátá, mo kọ̀. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè lòfin wọn ò gbà á, iná check engine á máa tàn pẹ̀lú P0420 (kóòdù tó ń sọ pé kátálíìsì ò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ), èéfín á sì máa rùn mọ́ yín lára. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìbúgbàù téèyàn máa ń gbọ́ tó bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná, mo ní kí wọ́n yọ ọ́ nínú fáìlì mi. Epo ló ń jó nínú páìpù níbẹ̀, kátálíìsì àti tọ́bò ló sì ń jẹ ooru ẹ̀.

Nǹkan tẹ́nì kankan ò sọ fún mi ni kílọ́ọ̀ṣì. Oṣù kejì, mo wà ní jíà kẹrin, mo tẹ iná, aago fò láti 3,000 sí 4,000, mọ́tò ò sì kúrò lójú kan. Agbára tá a fi kún un ti ju ohun tí kílọ́ọ̀ṣì tó ti gbó yẹn lè dì mú lọ. Ẹ ti ya owó ẹ̀ sọ́tọ̀ látìbẹ̀rẹ̀, torí owó tèmi jáde lójijì, ó dùn mí.

Ká ní mo fẹ́ tún un ṣe, ẹni tó ń kọ fáìlì ni màá kọ́kọ́ wá rí, lẹ́yìn náà kílọ́ọ̀ṣì, downpipe, sàlẹ́ńsà ẹ̀yìn á wá gbẹ̀yìn. Gbogbo ẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa títí di òní, àyàfi ojú ibi tí downpipe ti so mọ́ tọ́bò tó máa ń fẹ́ fìì díẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì bá ṣì tutù, tó bá ti gbóná á dákẹ́. Mo ti ra gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun, Sátidé tó ń bọ̀ la máa yí i.