Páálí tí wọ́n kọ GIFT sí: ṣọ́ọ̀bù ẹ̀bùn kan lẹ́bàá Òkè-Fìà, ní Òṣogbo

Mo fún wọn ní ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Mi ò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù náà, torí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹ̀sùn díẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ̀fẹ̀ ló pọ̀ jù.

Ọjà wọn dáa. ₦12,500 ni mo ra páálí kan: adìrẹ ọ̀pá méjì, ọṣẹ dúdú, oyin ìgò kékeré. Adìrẹ tí mo rà níbẹ̀ fún ara mi, mo ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò tíì ṣí. Tiránsífà mi pẹ́ kó tó wọlé, ọmọbìnrin tó ń tajà ò sì fajú ro.

Àlejò ni mo ra páálí náà fún, tọkọtaya kan tí mo mú wọ Igbó Ọ̀ṣun. Ará Jámánì ni ìyàwó, ará Dẹ́nmákì ni ọkọ. Ìyàwó wo páálí, wọ́n kọ GIFT gàdàgbà sí i. Ó mú ìgò oyin, GIFT náà ló wà lára rẹ̀. Ló bá bú sẹ́rìn-ín: "Ṣé ẹ fẹ́ pa wá ni?"

Gift lédè wọn, májèlé ni! Ọkọ ní tiwọn tún le jù bẹ́ẹ̀: ní Dẹ́nmákì, gift jẹ́ májèlé, ó tún jẹ́ ẹni tó ti ṣègbéyàwó. Ní Nọ́wè àti Swídìn náà, bákan náà ni. Ìyàwó rẹ̀ gbá a lápá.

Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn láti ìpilẹ̀, ara "fún" ni wọ́n ti gé e: ohun tí a fún èèyàn. Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ pàápàá fi ń pe owó orí ìyàwó. Lọ́dọ̀ àwọn Jámánì, ìtumọ̀ ẹ̀bùn ti bọ́ lára rẹ̀, àfi nínú Mitgift, ìyẹn ẹrù tí ìyàwó ń gbé lọ ilé ọkọ. Àwọn Gíríìkì náà ní dosis, fífúnni ló jẹ́, kó tó di ìwọ̀n oògùn tí a ń fún aláìsàn.

Mo rò ó dé ilé. Ṣebí àwa náà ń fi ọmọ fọ́kọ? Tí wọ́n bá sì ní "wọ́n ti fún un ní nǹkan jẹ", ta ló máa rò pé iyán ni?

Ibi tí mo ti yọ ìràwọ̀ kan nìyí. Òṣogbo kọ́ ni wọ́n ti ń ṣe bí ẹni tí kò rí ará Jámánì rí. Àdùnní Olórìṣà, Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà tó gbé lójú ọ̀nà Ìbòkun títí tó fi kú ní 2009, ọmọ Ọ́stríà ni, èdè Jámánì ni wọ́n sì ń sọ níbẹ̀. Àwọn èèyàn ibẹ̀ ṣì ń wá wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nínú igbó.

Mo padà lọ sọ fún ọmọbìnrin náà. Ó wò mí: "Bọ̀dá, òyìnbó ló kọ ọ́, òyìnbó ló tún ń sá fún un."

Ó ṣáà bá mi wá páálí tí kò ní ìwé kankan lára, kò gba kọ́bọ̀ lé e. Ìgbà tí mo délé ni mo wo rìbọ́ǹnì tó fi dè é dáadáa: GIFT, GIFT, GIFT, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.