Máìkì SM58 nínú yàrá kan ní Kubwa: ariwo tí mo bá, ibi tó ti ń wá, àti bó ṣe lọ

Ẹkún ìyàwó ni mo fẹ́ gbà sílẹ̀. Màmá mi wá lo oṣù méjì lọ́dọ̀ wa ní Kubwa, ní Abuja, láti Ìsẹ́yìn. Wọ́n ti lé ní ẹni 70 ọdún, àwọn nìkan ló sì kù nínú agboolé wa tó lè sun ẹkún ìyàwó láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin láì ṣì í. Àwọn ọmọ mi gbọ́ Hausa ju Yorùbá lọ, nítorí Hausa ni wọ́n fi ń bá ẹgbẹ́ wọn ṣeré ní àdúgbò. Mo fẹ́ kí ohùn ìyá àgbà wà lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n máa gbọ́ ọ ketekete. Nígbà tí a gba ohùn lẹ́ẹ̀kíní, tí mo gbé headphone sétí, tí mo gbọ́ "ṣììììì" lábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ Màmá bí ìgbà tí àkàrà bá wà nínú epo gbígbóná, ó dùn mí dọ́kàn.

Máìkì tí mo ní nígbà náà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn condenser (irú máìkì tó ń lo iná, tó sì máa ń gbọ́ ohun kékeré) olówó pọ́ọ́kú tí wáyà wọn ń wọ ihò kékeré ẹ̀gbẹ́ laptop. Mo wo ètò ohùn inú Windows, mo bá Microphone Boost, ohun tó ń gbé ohùn máìkì sókè, ní +30 dB (dB ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe ga tó). Kọ̀ǹpútà ń sọ gbogbo ohun tó bá wọlé di nǹkan bí ìlọ́po 30: ohùn Màmá, àti ariwo tí àwọn ohun inú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ń pa. Mo fà á wálẹ̀ dé 0. Ariwo lọ lóòótọ́, ohùn Màmá sì bá a lọ. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé owó máa jáde lápò mi.

Mo ra Shure SM58 ní Wuse, pẹ̀lú wáyà XLR, wáyà máìkì olórí ńlá, àti sound card kékeré kan, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn máìkì wọ kọ̀ǹpútà, tó ń gba iná láti ojú USB. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti rí SM58 rí láì mọ orúkọ rẹ̀. Òun ni máìkì olórí rìbìtì tí ẹ máa ń rí lọ́wọ́ pásítọ̀ àti lọ́wọ́ àwọn olórin. Ọdún 1966 ni wọ́n ti gbé e jáde, ìrísí rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ní Amẹ́ríkà, owó rẹ̀ kò jìnnà sí 100 dọ́là. Kó tó dé Abuja, ẹ mọ bí náírà ṣe máa rí. Ayédèrú rẹ̀ pọ̀ káàkiri ayé, nítorí náà mo yá òṣùwọ̀n aládùúgbò wa kan tó ń ṣe kéèkì. Giráàmù 298 ni ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é kọ pé ó wúwo. Tèmi kò fi ju giráàmù kan yàtọ̀ sí i. Bí ẹ bá lè gbé òṣùwọ̀n kékeré dání lọ sọ́jà, kí ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó sanwó, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìdí tí mo fi yàn án ni pé dynamic ni, irú máìkì tí kì í lo iná. Kò nílò iná 48V tí ọ̀pọ̀ condenser ń lò, kò sì ní iná kankan nínú ara rẹ̀ tó lè máa pariwo. Lékè gbogbo rẹ̀, ohun tó bá jìnnà sí i kò fi bẹ́ẹ̀ kàn án. Condenser tí mo lò tẹ́lẹ̀ máa ń gbọ́ ajá tó ń gbó ní òpópónà kejì.

Mo so gbogbo rẹ̀ pọ̀, mo tẹ record, mo sì gbọ́ ariwo mìíràn. "Ṣìììì" ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ṣùgbọ́n "hùùùùn" kan ti jókòó sípò rẹ̀, ó nípọn, kò sì dáwọ́ dúró. Mo ti ń kó máìkì náà padà sínú páálí rẹ̀ kí n lọ dá a padà nígbà tí Màmá bi mí pé, "Ohun tó ń hùn yìí, ṣé inú nǹkan ọwọ́ rẹ yẹn ló wà ni, àbí inú ilé?"

Ìbéèrè yẹn ni mo tẹ̀ lé. Mo gba ìdákẹ́jẹ́ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 10, mo yí ohun kan ṣoṣo padà, mo tún gba ìdákẹ́jẹ́ 10 mìíràn, mo sì fi wọ́n wéra. Ẹ má ṣe yí nǹkan méjì padà pọ̀, nítorí ẹ ò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́. Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo yọ wáyà máìkì kúrò lára sound card pátápátá. Ariwo náà ń hùn síbẹ̀. Máìkì tí mo fẹ́ lọ dá padà kò sí níbẹ̀ rárá, ariwo sì wà. Lẹ́yìn náà mo fa ṣájà laptop yọ kúrò lára ògiri, gbogbo rẹ̀ sì pa lọ́lọ́.

Ohun tó fà á nìyí. Iná wa ní Nàìjíríà ń lọ síwájú-sẹ́yìn ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn 50 Hz, ariwo rẹ̀ sì máa ń dún ní 50 àti 100 Hz. Ṣájà a máa jo iná díẹ̀ sára laptop, ihò kẹta inú sọ́kẹ́ẹ̀tì ló sì yẹ kó gbé e lọ sínú ilẹ̀. Nígbà tí oníná tú sọ́kẹ́ẹ̀tì wa, wáyà earth wà nínú ògiri lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò dé ibì kankan. Ẹni tó kọ́lé kò so ó mọ́ ilẹ̀. Iná tí kò rí ọ̀nà lọ wá gba inú wáyà USB àti sound card kọjá. Oníná gbá irin olóbàbà kan mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi, níbi tí ilẹ̀ ti máa ń tutù, ó so ó pọ̀, hùùn náà sì lọ sílẹ̀ débi pé mo ní láti tẹ headphone mọ́ etí kí n tó gbọ́ ìyókù rẹ̀. Mo tún kó ṣájà àti gbogbo ohun tó kan laptop sórí extension kan ṣoṣo.

Ẹnì kan ti gbà mí nímọ̀ràn ṣáájú pé kí n ṣẹ́ igi kẹta orí plọ́ọ̀gì náà, pé ariwo á lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é láéláé. Igi yẹn ló ń dáàbò bo ẹ̀mí ẹni tó fọwọ́ kan irin. Bí ẹ kò bá tíì rí oníná, ẹ fi bátìrì laptop gba ohùn. Bí èmi náà ṣe ṣe é fún ọ̀sẹ̀ kan nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ, tí inverter bá gbé e, ariwo mìíràn a tún dé: "zìììn" tẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹ̀fọn létí. Inverter wa kì í ṣe pure sine wave, irú tí iná rẹ̀ ń lọ geere láìní igun. Iná tó ń gbé jáde ní igun, àwọn igun yẹn ló sì ń kún ohùn pẹ̀lú zìììn. Mi ò rí oògùn rẹ̀ ju kí n pa inverter fún wákàtí kan, kí laptop sì ti kún kí ó tó di ìgbà náà. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ra inverter, tí iṣẹ́ ohùn sì wà lọ́kàn yín, ẹ fi owó kún un kí ẹ ra èyí tó jẹ́ pure sine wave.

Méjì tó kù kò gba àkókò. "Bí-dí-dí-bí, bí-dí-dí-bí" tó ń dé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, fóònù àbúrò mi ló wà lórí tábìlì. Fóònù GSM a máa ju ìgbì rédíò ránṣẹ́ sí òpó rẹ̀ ní ìwọ̀n ìgbà 217 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, wáyà tó bá sún mọ́ ọn á sì gbé e. Flight mode parí ìyẹn. "Ta-ta-ta" bí iyọ̀ tó bọ́ sínú iná, kọ̀ǹpútà ni kò lè sáré bá iṣẹ́: mo gbé buffer, ìwọ̀n ohùn tí kọ̀ǹpútà ń kó jọ kó tó ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, láti 64 lọ sí 256, mo rí i dájú pé 48 kHz (kíka ohùn ní ìgbà 48,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan) ni Windows àti ẹ̀rọ ìgbohùn jọ ń lò, ó sì dópin.

Ẹ ó máa sọ pé ṣebí Audacity, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń gba ohùn tí wọ́n sì fi ń tún un ṣe, wà, ọ̀fẹ́ sì ni, kí ló dé tí mi ò fi Noise Reduction rẹ̀, ohun tó ń yọ ariwo, fọ ariwo dànù kí n má bàa ṣe wàhálà tó báyìí. Mo ṣe é, ìyẹn gan-an ló sì jẹ́ kí n mọ ohun tí mo ń bá jà. Mo yan ibi tí kò sí ọ̀rọ̀, mo jẹ́ kí ẹ̀rọ mọ bí ariwo náà ṣe ń dún, mo sì ní kó yọ ọ́ kúrò ní 24 dB. Ariwo lọ. Ṣùgbọ́n ẹkún ìyàwó a máa sọ̀ kalẹ̀ ní ìparí ìlà. Ohùn Màmá a rọlẹ̀ sí dò, a máa fẹ́lẹ́ sí i títí á fi wọlẹ̀. Níbi tó ti fẹ́lẹ́ yẹn, ohùn àti ariwo ti ga dọ́gba, ẹ̀rọ kò mọ èwo ni èwo, ó sì jẹ àwọn méjèèjì. Ìyá àti ìyà ló pọ̀ jù nínú ohun tí ìyàwó ń sunkún lé lórí. Mo gbọ́ "ì", mo gbọ́ "y", ìyókù ti di omi. Mi ò mọ̀ bóyá ìyá ni Màmá pè tàbí ìyà. Ní èdè tí dò àti mí ti ń sọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, mi ò lè fara mọ́ irú ìfọ̀mọ́ bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń lé ariwo kó tó wọlé, bí mo bá sì máa lo Noise Reduction rárá, kì í kọjá 6 dB.

Ibi tí SM58 ti san owó mi padà ni ìdí fèrèsé. Iwájú rẹ̀ ló fi ń gbọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dití. Mo kọ ẹ̀yìn rẹ̀ sí fèrèsé tó dojú kọ jẹnẹrétọ̀ Alhaji tó múlé tì wá, ìró náà sì dín kù ju bí mo ṣe rò lọ. Síbẹ̀ mo lọ kí wọn, mo ṣàlàyé pé ìyá mi ló fẹ́ kọrin àtijọ́ fún àwọn ọmọ. "Ba damuwa," ni wọ́n wí, ìyẹn ni pé kò sí wàhálà. Wọ́n ní kí n ṣáà máa ránṣẹ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀. Wọn kò yẹ àdéhùn náà lẹ́ẹ̀kan rí.

Bí ẹnu ṣe sún mọ́ máìkì tó ṣe pàtàkì ju ohunkóhun tí ẹ lè rà lọ. Bí ẹ bá dín àyè àárín ẹnu àti máìkì kù láti sẹ̀ǹtímítà 30 sí 15, ohùn á ga ní 6 dB, ariwo fáànù àti fíríìjì á sì wà níbi tó wà. Ẹ tún pín in sí méjì, 6 dB mìíràn nìyẹn. Ohùn á nípọn sí i bí ẹ ṣe ń sún mọ́ ọn, nítorí náà mo ń gé ohun tó wà nísàlẹ̀ 80 Hz kúrò; ohùn Màmá kì í dé ibẹ̀, ìgé náà sì ń kó ìyókù hùùn 50 Hz lọ. Mo retí pé "p" ni yóò máa fẹ́ atẹ́gùn lu máìkì bí wọ́n ṣe máa ń kìlọ̀. "P" ti Yorùbá kì í fẹ́ atẹ́gùn bẹ́ẹ̀. "F" ló dà wá láàmú, mo sì fi foomu kékeré bo orí máìkì.

Ṣùgbọ́n Màmá kò jókòó sójú kan. Ẹni tó ń sun ẹkún ìyàwó a máa mi orí, a máa yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ohùn wọn sì ń lọ, ó ń bọ̀. Mo gbé máìkì sórí stand, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi ẹ̀yìn ti àga, kí wọ́n má mira. Wọ́n gbìyànjú rẹ̀ fún ìlà méjì, wọ́n dákẹ́. "A kì í de ẹni tó ń sunkún mọ́lẹ̀," ni wọ́n wí. Òótọ́ ni, ohùn náà ti gbẹ. Mo sún máìkì sẹ́yìn dé ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, mo gba ariwo díẹ̀ láàyè, mo sì fi aṣọ òfì méjì tí wọ́n gbé wá láti Ìsẹ́yìn kọ́ sára ògiri lẹ́yìn wọn kí ohùn má máa ta padà. Aṣọ òfì wúwo, ó sì mu ìró náà dáadáa. Èyí tí a gbà lọ́jọ́ náà ni mo kó pamọ́.

Ohun méjì ni kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó rà á. Ohùn tó ń ti inú SM58 jáde kéré, nítorí náà sound card yín gbọ́dọ̀ lè gbé e sókè dé nǹkan bí 60 dB láì ṣe "ṣììì". Bọ́tìnì ìgbéga tèmi ń dé mẹ́ta nínú mẹ́rin kí ohùn Màmá tó kan -12 dB lójú ìwọ̀n ẹ̀rọ ìgbohùn, ibẹ̀ ni mo sì máa ń fi í sí. Ìkejì, kì í gbọ́ ohun tó bá kọjá 15,000 Hz. Gángan àbúrò mi dún nínú rẹ̀ bí ẹni pé ó wà nínú yàrá, bó ti wù kó lù ú kíkan tó. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀: ilẹ̀kẹ̀ rẹ̀ dún, ṣùgbọ́n dídán rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gba ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tàbí agogo nìkan, kó wá condenser tó dára àti yàrá tó dákẹ́. Ẹni tó ń gba ohùn ènìyàn nínú ilé tí jẹnẹrétọ̀ yí ká, mo lè fi ọkàn kan sọ fún un pé kó ra SM58.

Òjò nìkan ni kò sí máìkì tó kọ ẹ̀yìn sí i. Páànù ló wà lórí ilé wa, láti oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá ni òjò sì máa ń rọ̀ ní Abuja. Màmá ti padà sí Ìsẹ́yìn báyìí, ìlà mẹ́rin sì wà tí òjò bò mọ́lẹ̀ tí a ò tíì tún gbà. Wọ́n ti ṣèlérí pé àwọn á tún wá nígbà ọyẹ́.