Àpótí Kòkòrò Aláwọ̀ Ìkìlọ̀ Tí Mo Rà fún Kíláàsì Báyọ́lọ́jì

Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà yìí ni mo ra àpótí kòkòrò kan fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní SS2, ní 38,000 náírà, lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń kó irú rẹ̀ ta fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama ní Ìbàdàn. Àpótí pákó ni, gíláàsì ni wọ́n fi dé e lórí, kòkòrò mẹ́rìndínlógún ló wà nínú rẹ̀, abẹ́rẹ́ tín-ín-rín sì gún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mọ́ fóòmù funfun. Ẹni tó tà á sọ pé òun ṣe é kí àwọn ọmọ lè fojú ara wọn rí ìdí tí àwọn ẹ̀dá kan fi ń fara pamọ́, nígbà tí àwọn mìíràn ń gbé àwọ̀ tó ń tàn yòò kiri kí gbogbo ayé lè rí wọn. Mo ti lò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà báyìí, mo sì fẹ́ kí olùkọ́ tó bá ń gbèrò láti ra irú rẹ̀ mọ ibi tó ti dára àti ibi tó kù sí.

Tata ni mo kọ́kọ́ yìn níbẹ̀, èyí aláràbarà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Zonocerus variegatus. Kò sí ẹni tó dáko ẹ̀gẹ́ rí nílẹ̀ Yorùbá tí kò mọ̀ ọ́n: dúdú, àwọ̀ ìyeyè àti àwọ̀ ọsàn ló pàdé lára rẹ̀, kì í kánjú sá fún ènìyàn, bí a bá sì mú un, omi kan tó ń rùn ni yóò tú jáde. Ẹni tó ṣe àpótí yìí kò gún àgbà tata kan ṣoṣo síbẹ̀ lásán. Ó to ọmọ rẹ̀ mẹ́fà, tí wọ́n dúdú tí àmì funfun àti ti ìyeyè sì wà lára wọn tóótòòtó, mọ́ ara wọn gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń rí wọn tí wọ́n ṣù bo ewé Akíntọ́lá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọgbọ́n ńlá ni èyí, nítorí pé inú ìṣùjọ yẹn ni ìdáhùn sí ọ̀kan nínú àwọn ìbéèrè tó le jù nípa àwọ̀ ìkìlọ̀ wà, ìyẹn àwọ̀ títàn tí ẹ̀dá fi ń kìlọ̀ fún ọ̀tá pé òun kò ṣeé jẹ.

Ní ọdún 1867, Charles Darwin, onímọ̀ nípa ẹ̀dá, ń wádìí ìdí tí àwọn ọmọ labalábá kan, tí wọn kò tíì hu ìyẹ́, fi ní àwọ̀ mèremère, nígbà tó jẹ́ pé wọn kò tíì tó gùn, tí àlàyé rẹ̀ nípa kí akọ máa fi àwọ̀ fa ojú abo mọ́ra kò sì lè bá wọn mu. Alfred Russel Wallace, onímọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀, ló dá a lóhùn pé ó ṣeé ṣe kí ẹnu ẹyẹ kọ irú ọmọ labalábá bẹ́ẹ̀, kí àwọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ìkìlọ̀ kí ẹyẹ má wulẹ̀ tọ́ ọ wò. Ìdáhùn náà tọ́, àmọ́ ó bí ìbéèrè mìíràn: ẹ̀dá àkọ́kọ́ tó bá yọ pẹ̀lú àwọ̀ títàn láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ẹyẹ yóò kọ́kọ́ rí, òun náà ni yóò sì kọ́kọ́ kú, báwo wá ni àwọ̀ ọ̀hún ṣe gbilẹ̀? Ronald Fisher, onímọ̀ mìíràn, dáhùn rẹ̀ ní ọdún 1930 pé bí àwọn ọmọ ìyá bá ń gbé pọ̀ lójú kan, ẹyẹ tó bá tọ́ ọ̀kan wò, tí ó sì bì í, yóò fi ìyókù sílẹ̀, àwọn ìyókù yìí ló sì gbé àwọ̀ kan náà sínú ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí mo ṣàlàyé èyí, tí mo sì na ìka sí àwọn ọmọ tata mẹ́fà yẹn, kíláàsì parọ́rọ́, ó sì hàn lójú àwọn ọmọ pé ó yé wọn.

Ibi labalábá ni àṣìṣe wà. Wọ́n gún labalábá mẹ́ta sí ìlà kan, wọ́n sì kọ Danaus chrysippus sábẹ́ gbogbo wọn. Labalábá olóró ni Danaus yìí. Ewé bọmubọmu ló ń jẹ nígbà tó wà lọ́mọ, oró tó wà nínú oje funfun ewé náà, tó lè dá ọkàn ẹranko dúró, ló sì ń gbé wọ inú àgbà. Ìyẹ́ iwájú rẹ̀ ní àwọ̀ ọsàn, ṣóńṣó rẹ̀ dúdú, ó sì ní ìgbànú funfun. Ní ọ̀dọ̀ tiwa ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, àárín ìyẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ sábà máa ń funfun. Akẹ́kọ̀ọ́-bìnrin kan tó gbé awò amúǹkan-tóbi lé wọn ló pè mí pé àmì dúdú tó wà lórí ìyẹ́ ẹ̀yìn wọn kò dọ́gba. Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó, òótọ́ ló sọ: méjì nínú wọn ní àmì mẹ́ta láàárín ìyẹ́ náà, ẹ̀kẹta sì ní ẹyọ kan péré, ní etí òkè. Abo Hypolimnas misippus ni ẹ̀kẹta yìí, kì í ṣe Danaus rárá. Kò ní oró kankan. Ewé bíi pápásan ni ọmọ tirẹ̀ ń jẹ. Labalábá tó fi ara rẹ̀ wé ẹyẹ ni òwe wa mọ̀, ṣùgbọ́n labalábá ẹgbẹ́ rẹ̀ ni èyí fara wé, ẹyẹ tí oró Danaus sì ti kọ́ lọ́gbọ́n kì í fẹ́ fọwọ́ kan òun náà. Irú àfarawé bẹ́ẹ̀ ni Henry Walter Bates, onímọ̀ nípa kòkòrò, rí nínú igbó Amazon ní Brazil, tó sì ṣàlàyé rẹ̀ ní ọdún 1862.

Ó dùn mí pé wọ́n kọ orúkọ yẹn láìyẹ̀ ẹ́ wò, nítorí pé olùkọ́ tí kò bá kà àmì náà yóò kọ́ àwọn ọmọ ní irọ́. Ohun tó tún mú kí ó dùn mí ni pé akọ Hypolimnas náà wà nínú àpótí yìí, ní igun kejì, láìsí ohunkóhun tó so ó mọ́ aya rẹ̀. Dúdú ni akọ, ojú funfun rìbìtì wà lórí ìyẹ́ rẹ̀, bí a bá sì gbé àpótí náà dagun sí ìmọ́lẹ̀, àwọ̀ aró kan yóò tàn yí ojú funfun náà ká, yóò sì tún pòórá. Kò jọ abo rẹ̀ níbì kankan. Àlàyé tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń ṣe ni pé abo tó ru ẹyin ló nílò ààbò jù, nígbà tí akọ ní láti pa àwọ̀ tí abo àti akọ ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń dá a mọ̀ mọ́. Alángbá ni mo fi ṣàpèjúwe èyí fún kíláàsì, nítorí ọ̀kan wà lórí ògiri lẹ́yìn fèrèsé wa, tí orí rẹ̀ pupa tí ó sì ń mi í, tí àwọn abo rẹ̀ aláwọ̀ erùpẹ̀ sì wà nítòsí.

Wọn kò fi káńfọ̀ sínú àpótí náà. Èèrà ti gé ìwo agbọ́n kan kí n tó mọ̀, mo sì ra káńfọ̀ fúnra mi. Mo pe ẹni tó tà á nípa orúkọ tó ṣì kọ. Ó gbọ́ mi tán láìbínú, ó sì fi àwọn ìwé orúkọ tuntun ránṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, láìgba kọ́bọ̀.

Owó tí mo san kò dùn mí. Ẹni tó bá fẹ́ rà á, kí ó kọ́kọ́ ka àmì ìyẹ́ ẹ̀yìn àwọn labalábá náà kí ó tó sanwó, kí ó sì gbé àpótí náà jìnnà sí oòrùn, torí àwọ̀ ọsàn máa ń ṣá. Ohun mìíràn tí mo ní láti fi kún un ni ewéko, nítorí wọn kò fi ewé kankan sí i, bẹ́ẹ̀ inú ewé sì ni oró ti ń bẹ̀rẹ̀. Mo gé ẹ̀ka bọmubọmu kan ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, mo fi sínú ìgò omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí náà. Ọmọ Danaus méjì ló wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú ìlà dúdú, funfun àti ìyeyè lára wọn, tí wọ́n ń jẹ ewé náà lójú gbogbo kíláàsì.